Rich Barton, ẹni tó gbé iye owó ilé síta fún gbogbo Amẹ́ríkà

Kí ọdún 2006 tó dé, ará Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ta ilé aládùúgbò rẹ̀ ní láti fẹsẹ̀ rìn. Ó lè lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kó tú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé wò níkọ̀ọ̀kan, tàbí kó lọ bẹ alágbàtà ilé. Alágbàtà ló láṣẹ láti wo MLS, ìyẹn àkójọ ilé títà tí àwọn alágbàtà agbègbè kọ̀ọ̀kan jọ ń tọ́jú láàárín ara wọn. Iye tí onílé ń pè, ọjọ́ tí ilé ti lò lọ́jà, iye ìgbà tí onílé ti bu owó kù, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi owó tó ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ra ilé kò lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Òótọ́ ni pé Realtor.com, ìkànnì tó so mọ́ ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà fúnra wọn, ti ń fi ilé títà han aráyé láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí èèyàn rí ló ń rí níbẹ̀. Ilé tí kò sí lọ́jà kì í hàn, bí o bá sì fẹ́ mọ iye tó tọ́ sí ilé tí ìwọ fúnra rẹ ń gbé, kò sí ẹni tó máa dá ọ lóhùn. Rich Barton ló kó ìyẹn síta lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Zillow, ìkànnì tó bá wọn dá sílẹ̀. Ní tèmi, iṣẹ́ kan ni ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n ṣe ju ohun gbogbo lọ: kó wá ìsọfúnni tó wà lẹ́yìn káńtà, kó gbé e síwájú káńtà, kó sì gba owó lọ́wọ́ àwọn tó dúró lẹ́yìn káńtà náà. Ẹ̀ẹ̀kan tó kúrò nídìí iṣẹ́ yẹn lọ sídìí òmíràn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là ló bá a lọ.

Láti Microsoft dé Expedia

Ọdún 1967 ni wọ́n bí Barton. Ó gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Stanford lọ́dún 1989, ó ṣe iṣẹ́ olùdámọ̀ràn fún ìgbà díẹ̀, ó sì wọ Microsoft lọ́dún 1991. Lọ́dún 1994, wọ́n ní kó yẹ iṣẹ́ kan wò: ìwé atọ́nà ìrìn àjò tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sórí CD-ROM. Ó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó padà lọ bá Bill Gates pé ọjà kékeré nìyẹn, pé ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí arìnrìn-àjò máa jókòó sílé rẹ̀, kó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Gates gbà fún un, Expedia sì ni wọ́n pe ìkànnì náà.

Ẹ̀rọ tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú fi ń ta ìjókòó ti wà tipẹ́. Sabre àti Worldspan wà lára àwọn tó gbajúmọ̀. Àwọn aṣojú ìrìn àjò nìkan ló ń jókòó sídìí rẹ̀, àmì tí wọ́n sì ń tẹ̀ sínú rẹ̀ kì í yé oníbàárà. Expedia so ara rẹ̀ mọ́ Worldspan, ó sọ àwọn àmì yẹn di ojú ewé tí ẹnikẹ́ni lè kà, ó sì ṣílẹ̀kùn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1999, wọ́n gbé ìpín rẹ̀ wá sí ọjà Nasdaq kí ará ìlú lè rà níbẹ̀.

Èrè orí tíkẹ́ẹ̀tì kò tó nǹkan, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń gé owó tí wọ́n ń fún aṣojú kù léraléra. Hòtẹ́ẹ̀lì ni owó wà, pàápàá lẹ́yìn tí Expedia ra Travelscape lọ́dún 2000. Hòtẹ́ẹ̀lì á fún Expedia ní yàrá ní iye tó wálẹ̀, Expedia á bu èrè tirẹ̀ lé e, á gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ṣáájú, á sì san ti hòtẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti sùn níbẹ̀ tán. Owó oníbàárà wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó di ti ẹlòmíì. Yàrá tí kò bá sì tà, orí hòtẹ́ẹ̀lì ló wà. Ẹ fi ibi yìí sọ́kàn dáadáa: Expedia ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì gbé àdánù rẹ̀.

Lọ́dún 2002, ilé iṣẹ́ Barry Diller, USA Networks, gba àkóso Expedia lọ́wọ́ Microsoft. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Barton kúrò. Ọ̀nà kan náà ló tún lò lẹ́yìn náà fún Glassdoor, tí òun, Robert Hohman àti Tim Besse dá sílẹ̀ lọ́dún 2007: àwọn òṣìṣẹ́ máa ń kọ iye owó oṣù wọn síbẹ̀ láìdárúkọ ara wọn, àwọn agbanisíṣẹ́ ló sì ń sanwó kí wọ́n lè polówó iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ Recruit ti Japan ra Glassdoor ní bílíọ̀nù 1.2 dọ́là lọ́dún 2018.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò iye ilé

Barton àti Lloyd Frink, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Microsoft àti Expedia, dá Zillow sílẹ̀ ní Seattle ní ìparí ọdún 2004. Àwọn méjèèjì ń wá ilé rà nígbà náà, ó sì ń yà wọ́n lẹ́nu pé ó rọrùn láti mọ iye tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sí orílẹ̀-èdè míì ju láti mọ iye ilé tó wà ní òpópónà kejì. Benchmark àti Technology Crossover Ventures fi mílíọ̀nù 32 dọ́là sílẹ̀ fún wọn lọ́dún 2005. Ìkànnì náà jáde ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 2006, iye tí wọ́n fojú bù fún ilé tó lé ní mílíọ̀nù 40 wà lórí rẹ̀. Èrò tó rọ́ wọlé lọ́jọ́ yẹn pọ̀ débi pé kọ̀ǹpútà wọn kò lè gbà á, ìkànnì náà dákú.

Zestimate ni wọ́n ń pe iye tí wọ́n ń fojú bù yẹn. Stan Humphries, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ló ṣáájú àwọn tó kọ́ ọ. Bí èèyàn bá fẹ́ kọ́ irú rẹ̀, iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ìṣirò. Ìwé ni. Amẹ́ríkà ní ìjọba ìbílẹ̀ tó lé ní 3,000, oníkálukú ló sì ní bó ṣe ń kọ ìwé tirẹ̀. Ọ́fíìsì kan ń díye lé ilé fún owó orí: ibẹ̀ la ti ń rí ìwọ̀n ilé ní ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, iye yàrá àti balùwẹ̀, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, àti bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ọ́fíìsì míì ń tọ́jú ìwé ìtaláṣẹ, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn pé ilé ti di ti ẹlòmíì: ibẹ̀ la ti ń rí ọjọ́ tí ilé pààrọ̀ ọwọ́ àti iye tó lọ. Wọ́n ní láti so méjèèjì pọ̀ lórí nọ́ńbà ilẹ̀ kan náà. Bí nọ́ńbà náà kò bá bára mu, ilé kan á di méjì, tàbí kí ilé méjì di ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni ìfọ̀mọ́. Baba tó fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lè kọ ọ́ sínú ìwé pé dọ́là mẹ́wàá lòun tà á. Tọkọtaya tó ń kọ ara wọn sílẹ̀ lè pín ilé láìsí owó kankan nínú ìwé. Ẹnì kan lè ra ilé mẹ́fà pa pọ̀, kí iye àpapọ̀ wọn hàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ilé tí báńkì gbà lọ́wọ́ onígbèsè tún ní iye tirẹ̀ tí kì í ṣe ti ọjà. Bí wọn kò bá yọ irú ìwé báwọ̀nyí kúrò, ẹ̀rọ á kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò tọ́, àṣìṣe rẹ̀ á sì ran gbogbo ilé tó wà ládùúgbò.

Ìgbà yìí gan-an ni ìṣirò ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ á wo àwọn ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tà ní agbègbè kan, á kọ́ iye tí balùwẹ̀ kan ń fi kún owó ilé níbẹ̀, iye tí ọjọ́ orí ilé ń yọ kúrò, á sì fi ohun tó kọ́ díye lé àwọn ilé tí wọn kò tà. Agbègbè kékeré kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀ nígbà ìbẹ̀rẹ̀, nítorí balùwẹ̀ kejì kì í níye kan náà láàárín ìlú ńlá àti ní ìgbèríko. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìlànà yẹn sábẹ́ ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan ṣoṣo tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan náà.

Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ó péye? Wọ́n á dúró títí ilé á fi tà, wọ́n á wá fi iye tó tà wé ohun tí ẹ̀rọ ti sọ ṣáájú. Lọ́dún 2006, àṣìṣe àárín jẹ́ nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 7 fún ilé tí kò sí lọ́jà, àti nǹkan bí ìdá 2 fún ilé tó wà lọ́jà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka nọ́ńbà yìí bó ṣe yẹ. Àṣìṣe àárín túmọ̀ sí pé ìdajì àwọn ilé ni àṣìṣe wọn kéré sí bẹ́ẹ̀, tí ti ìdajì yòókù sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ilé 400,000 dọ́là, ìdá 7 jẹ́ 28,000 dọ́là. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ méjì tí kò sí lọ́jà, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ fi ohun tó ju 28,000 dọ́là ṣì í lórí ọ̀kan. Ìdí tí ilé tó wà lọ́jà fi péye jù sì rọrùn: iye tí onílé fúnra rẹ̀ ń pè ti wọ inú ìṣirò. Alágbàtà tó ti wọ inú ilé, tó ti rí ilẹ̀ rẹ̀ àti òrùlé rẹ̀, ti bá ẹ̀rọ ṣe èyí tó le jù.

Ibi tí ẹ̀rọ ti máa ń ṣubú kò ṣòroó mọ̀. Ní ìpínlẹ̀ bíi Texas, Utah àti Idaho, òfin kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni pé kó sọ iye tí ilé tà fún ìjọba, nítorí náà ìwé ìtaláṣẹ ibẹ̀ kì í ní iye nínú. Onílé tó tún ilé ìdáná ṣe láìgba ìwé àṣẹ, ìjọba kò mọ̀, ẹ̀rọ náà kò sì ní mọ̀. Ilé tó kọjú sí adágún omi àti èyí tó kọjú sí òpópónà ńlá lè bára mu nínú ìwé. Níbi tí ilé mẹ́ta péré bá ti tà láàárín ọdún kan, kò sí ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ kọ́. Onílé lè dín èyí kù fúnra rẹ̀: kó forúkọ sílẹ̀ lórí Zillow pé òun lòun ni ilé náà, kó ṣàtúnṣe iye yàrá, balùwẹ̀ àti ìwọ̀n ilé. Mo gbà á níyànjú pé kó kọ́kọ́ wo ìwé ìjọba ìbílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ti Zillow, nítorí àṣìṣe tó wà nínú ìwé ìjọba lè máa mú un san owó orí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù lọ ni ti Spencer Rascoff, ọ̀gá àgbà Zillow fúnra rẹ̀. Ó ta ilé rẹ̀ ní Seattle ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ní mílíọ̀nù 1.05 dọ́là, nígbà tí Zestimate ń sọ pé ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.75. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn kan ní Illinois pe Zillow lẹ́jọ́ pé iye tó ń kọ sórí ilé àwọn kò jẹ́ kí àwọn rí i tà. Ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2019 pé àfojúbù ni, Zillow sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2017 kan náà ni Zillow gbé ẹ̀bùn mílíọ̀nù kan dọ́là kalẹ̀ fún ẹni tó bá lè mú ìṣirò náà péye sí i. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ni wọ́n kéde àwọn tó gbà á.

Ẹni tó ń sanwó

Kò sí ẹni tó ń sanwó láti wo Zestimate. Ohun tó gbé èrò wá ni. Àwọn alágbàtà ni Zillow ń tà fún, ìlànà tó sì lò pẹ́ jù ni pé kó ta àyè ìpolówó ní ìbámu pẹ̀lú nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò. Alágbàtà á ra ìdá kan nínú èrò àdúgbò kan. Nígbà tí olùrà bá tẹ bọ́tìnì pé òun fẹ́ wo ilé, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan lára àwọn tó ra àyè náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alágbàtà míì ló ń ta ilé ọ̀hún. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Alágbàtà tó fi ilé síta rí i pé wọ́n ń fi ilé tí òun ń tà wá oníbàárà fún ẹlòmíì.

Fún alágbàtà tó ń ra àyè, ìṣirò rẹ̀ le. Bí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 3 lórí ilé 400,000 dọ́là, 12,000 dọ́là nìyẹn, ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ á sì mú ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ orúkọ tó rà, díẹ̀ ló máa ra ilé, àwọn míì á sì pẹ́ tó oṣù mẹ́fà tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni ìlọ́ra: olùrà tí wọn kò pè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ti ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Nítorí èyí ni Zillow fi mú ìlànà Flex wá lẹ́yìn náà. Alágbàtà kò ní san nǹkan kan ṣáájú, ṣùgbọ́n tí ilé bá tà, á fún Zillow ní ìpín nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Zillow wá ń yan àwọn tó ń yára dáhùn, ó sì ń fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Rascoff gba ipò ọ̀gá àgbà lọ́wọ́ Barton lọ́dún 2010, Barton di alága. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2011, ìpín Zillow wọ ọjà Nasdaq ní 20 dọ́là, ó sì ti kọjá 35 dọ́là kí ọjà tó pa lọ́jọ́ náà. Barton àti Frink fi ìpín tí wọ́n ń pè ní Class B pamọ́ fún ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní ìbò 10. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó lè lé wọn kúrò, kódà nígbà tí ìjì dé.

Owó tí wọ́n rí ni wọ́n fi ra àwọn tó ń bá wọn du ọjà. Wọ́n ra StreetEasy ní mílíọ̀nù 50 dọ́là lọ́dún 2013, nítorí New York kò ní MLS tó kó gbogbo ìlú pọ̀, StreetEasy ló sì dúró bí irú rẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2014, wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ fi ìpín ra Trulia, àdéhùn tó tó bílíọ̀nù 3.5 dọ́là. Nígbà tí ìjọba fi parí àyẹ̀wò rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2015, ìpín Zillow ti wálẹ̀, iye àdéhùn náà sì ti di nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.5.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀rù ńlá dé. ListHub, tó ń kó ìsọfúnni ilé títà jọ láti ọ̀pọ̀ MLS, kò fún Zillow ní nǹkan mọ́. Ilé iṣẹ́ tó ni Realtor.com ló ni ListHub, News Corp sì ti ra ilé iṣẹ́ náà lọ́dún 2014. Zillow ní láti máa lọ bá MLS ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021 ló wá parí ọ̀rọ̀ náà nípa dídi ọmọ ẹgbẹ́ MLS fúnra rẹ̀, ó ń gba ìsọfúnni bí ilé iṣẹ́ alágbàtà gbogbo ṣe ń gbà á. Ó ní ohun tó ná an. Òfin ẹgbẹ́ kò jẹ́ kó da ilé inú MLS pọ̀ mọ́ ilé tí onílé ń tà fúnra rẹ̀, ó sì ní láti kó àwọn wọ̀nyí sí ojú ewé kejì tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í ṣí. Ó dùn mí díẹ̀ fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nípa ṣíṣí ilẹ̀kùn.

Zillow Offers

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, Zillow kéde pé òun á bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé fúnra rẹ̀ ní Phoenix àti Las Vegas, ètò tó wá ń jẹ́ Zillow Offers. Opendoor, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2014, ló ti ń ṣe é ṣáájú. Barton padà sí ipò ọ̀gá àgbà ní oṣù Kejì ọdún 2019, ó sì sọ pé láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, Zillow á máa ra ilé 5,000 lóṣù, owó tó ń wọlé láti ibẹ̀ á sì tó bílíọ̀nù 20 dọ́là lọ́dún.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà nìyí. Onílé á kọ àdírẹ́sì rẹ̀ síta, á dáhùn ìbéèrè, á fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ á jọ díye lé e. Bí onílé bá gbà, òṣìṣẹ́ kan á wá yẹ ilé wò, wọ́n á yọ owó àtúnṣe kúrò, onílé á sì mú ọjọ́ tó fẹ́ kó jáde. Kò sí pé àjèjì ń wọlé wá wo yàrá ẹni lọ́jọ́ Sunday, kò sí pé olùrà ń yẹ àdéhùn nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta. Fún ẹni tí iṣẹ́ ti gbé lọ sí ìlú míì, nǹkan gidi ni. Zillow á kun ilé náà, á pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì, á sì tún un tà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lórí ilé 300,000 dọ́là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye máa ń yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Ká ní Zillow gba ìdá 5, èyí jẹ́ 15,000 dọ́là. Tó bá ń tún un tà, alágbàtà olùrà á gba ìdá 2.5 sí 3, ìyẹn 7,500 sí 9,000. Èlé orí owó tí wọ́n yá, owó orí, ìbánigbófò, iná, omi àti gígé koríko fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún lè jẹ 4,500 sí 6,000. Owó ìwé títà lè jẹ́ 3,000. Ó ti tó 15,000, ó tilẹ̀ ti kọjá á. Owó iṣẹ́ ti tán kí ẹnikẹ́ni tó jẹ èrè. Zillow fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn olùdókòòwò pé ohun tí òun ń lépa ni kí èrè tàbí àdánù òun lórí àwọn ilé náà má ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ rántí pé àṣìṣe àárín ẹ̀rọ kan náà lórí ilé tí kò sí lọ́jà jẹ́ nǹkan bí ìdá 7.

Ẹnì kan lè sọ pé àṣìṣe tó ga àti èyí tó rẹlẹ̀ á gbé ara wọn. Wọn kì í gbé ara wọn, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ọ̀rọ̀ náà dúró sí. Onílé ló mọ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jò. Bí Zillow bá díye lé ilé rẹ̀ ní 20,000 dọ́là sísàlẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á sì lọ pe alágbàtà. Bó bá díye lé e ní 20,000 dọ́là sókè, ọjọ́ kejì ló máa fọwọ́ sí ìwé. Àṣìṣe tó rẹlẹ̀ á padà sílé, àṣìṣe tó ga á di ilé tí Zillow ní láti tà. Nígbà tí Zestimate wà lórí ìkànnì lásán, àṣìṣe rẹ̀ kò ná Zillow ní kọ́bọ̀. Ọjọ́ tó di owó tí wọ́n ń fún onílé ni ẹni tó mọ̀ jù wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ sí í yan àṣìṣe tó wù ú.

Ohun kejì ni àkókò. Zestimate ń sọ iye ilé lónìí, ẹni tó ń rà láti tún tà nílò iye rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà síwájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, owó ilé ń gun òkè lọ́nà tí kò ṣẹlẹ̀ rí, ilé tí Zillow rà ń tà ní iye tó ju bó ṣe rò lọ. Wọ́n wá ń fi owó tó ga sí i ra ilé kí wọ́n lè bá Opendoor dọ́gba. Ní ìgbà ooru, ìgùnkè náà rọ̀, ilé tí wọ́n fi owó gíga rà sì ti wà nílẹ̀. Kò sí kunlékunlé àti kápẹ́ńtà tó tó láti tún wọn ṣe, ilé kan lè wà lásán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, èlé sì ń jẹ lójoojúmọ́. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ilé 9,680 ni wọ́n rà, 3,032 ni wọ́n tà.

Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n ní àwọn ò ní ra ilé tuntun mọ́ títí ọdún á fi parí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, Barton kéde pé ó tán: wọ́n á ti Zillow Offers pa, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn òṣìṣẹ́ á lọ, wọ́n sì ti bu mílíọ̀nù 304 dọ́là kúrò lórí iye àwọn ilé tó wà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo àdánù ẹ̀ka náà fún ọdún 2021 jẹ́ mílíọ̀nù 881 dọ́là. Mo bọ̀wọ̀ fún bó ṣe yára dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ olùdásílẹ̀ á ti bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan sí i, àwọn ilé náà á sì pàdé ọdún 2022, tí èlé owó yíyá ilé ju ìlọ́po méjì lọ.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, Zillow fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Opendoor. Onílé tó bá fẹ́ owó kíákíá á tẹ bọ́tìnì lórí Zillow, Opendoor ni á díye, Opendoor ni á rà, Opendoor ni á gbé àdánù tó bá wà níbẹ̀. Ètò hòtẹ́ẹ̀lì Expedia ló padà wá yẹn.

Lẹ́yìn náà, irinṣẹ́ tí alágbàtà ń lò lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rà. ShowingTime, tí wọ́n fi ń ṣètò àkókò wíwo ilé, wọlé ní mílíọ̀nù 500 dọ́là lọ́dún 2021. Follow Up Boss, tí alágbàtà fi ń tọ́jú orúkọ oníbàárà, wọlé ní ìparí ọdún 2023 ní mílíọ̀nù 400, pẹ̀lú mílíọ̀nù 100 sí i bó bá ṣe dáadáa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Jeremy Wacksman di ọ̀gá àgbà, Barton àti Frink jọ di alága, ìpín oníbò 10 sì ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Oṣù kan náà ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà, National Association of Realtors, fi mílíọ̀nù 418 dọ́là parí. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, wọn kò gbọ́dọ̀ kọ owó iṣẹ́ alágbàtà olùrà sínú MLS mọ́, olùrà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú alágbàtà kó tó wọ inú ilé lọ wò ó. Alágbàtà olùrà ni ọ̀pọ̀ owó Zillow ti ń wá. Bí olùrà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà lórí ìdá 2.5 yẹn, tó sọ ọ́ di ìdá 1.5, owó tí alágbàtà ní láti fi ra àyè lórí Zillow tàbí láti pín fún un lábẹ́ Flex á dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ilé iṣẹ́ náà ń lọ, kó máa wo ìdá yẹn ní agbègbè kọ̀ọ̀kan ṣáájú iye ìpín rẹ̀ ní Nasdaq.